Mo fẹ́ fi ayò ọlọ́pọ́n kọ́ ọmọ JSS 2 bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tísà_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ibí. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Computer Studies ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 níbí, ní Ìsẹ́yìn. 52 ni wọ́n nínú kíláàsì kan. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ilé-ìwé ní, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, òun náà sì di ọjọ́ tí iná bá wà. Bó bá sì tàn, àwọn mẹ́wàá á ṣù bò ó, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní rí ju ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú lọ. Torí náà, orí pátákó ni kọ̀ǹpútà tiwa wà: mo ya kíbọ́ọ̀dù, wọ́n dà á kọ, mo ya máọ̀sì, wọ́n dà á kọ. Wọ́n ti mọ orúkọ ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà bí ẹni mọ orúkọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n to bí a ṣe ń tẹ ẹ̀bà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á ti da gààrí sínú abọ́ kí wọ́n tó rántí pé omi ò tíì hó.

Mo kà nípa ohun tí wọ́n ń pè ní computational thinking, tí Jeannette Wing, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ̀wé lé lórí ní 2006 tí àwọn olùkọ́ káàkiri fi gbé e: kí èèyàn lè fọ́ ìṣòro sí wẹ́wẹ́, kó rí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kó ju ohun tí kò wúlò sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì to ìgbésẹ̀ tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé. Kò sí èyí tó ń dúró de iná NẸ́PÀ níbẹ̀. Mo ní ó dáa, eré ni màá fi kọ́ wọn.

Lúdò ni mo kọ́kọ́ rà, mẹ́ta, lọ́jà. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi ta á, ariwo nìkan ni mo rí kó. Ọmọ tó bá ju mẹ́fà á fò sókè, èyí tí kò bá jù ú á ranjú, kò sẹ́ni tó rí i pé òun ní nǹkan kan láti rò. Dáìsì ló ń bá wọn ronú. Ọ̀gá wa kọjá lójú fèrèsé, ó bi mí bóyá mo ti sọ kíláàsì di ilé tẹ́tẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọmọkùnrin kan wà níjòkòó ẹ̀yìn tí kì í gbà ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan lásìkò ìsinmi, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀, ó ń ta ayò pẹ̀lú àwọn SS 2, ó sì ń nà wọ́n bí ẹni ń na bẹ̀ǹbẹ́. Mo jókòó tì í. Kó tó gbé ọmọ ayò rárá, ojú rẹ̀ ti wà níbi tí èyí tó kẹ́yìn máa bọ́ sí. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ó ní, "Àǹtí, mo kàn rí i ni."

"Mo kàn rí i ni" yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ìrònú tí mo ń wá kiri ti wà lára rẹ̀, kò lè sọ ọ́ jáde, èmi náà ò sì mọ bí màá ṣe fà á jáde. Bí mo bá kàn pín ọpọ́n fún wọn pé kí wọ́n ta á, ṣé kò ní rí bíi ti lúdò? Ẹ̀yin tó mọ kóòdù, ẹ̀yin tó mọ ayò, kí ni kí n ṣe láàárín ogójì ìṣẹ́jú?

Kóòdù_Yábàá

Ẹ káàárọ̀ mà. Pírógíráàmù ni mo ń kọ jẹun ní Yábàá, bàbá mi ló sì kọ́ mi láyò, ẹ ti bá mi nílé nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn ta á. Ẹ ní kí wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ wá fi ọmọ kan ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun tí ìwé bá sọ nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe. Kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un, kò gbọdọ̀ bèèrè ohunkóhun. Ẹ ó rí bí gbogbo ọ̀ta inú kíláàsì yín, àwọn tó mọ ayò í ta, ṣe máa di ọ̀pè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, lójijì. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ ọ́ pé, "Gbé ọmọ ayò kí o pín in." Láti ilé wo, ìyẹn ihò wo? Kó gba apá ibo lọ? Mélòó ní ilé kan? Kọ̀ǹpútà yín á gbé e, á da gbogbo rẹ̀ sínú ilé kan, ó ti ṣe é nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ rí i kí inú bí i, kó padà lọ tún un kọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

Ẹ fún àwọn ilé ní nọ́ńbà. 1 sí 6 ní ẹ̀gbẹ́ tẹ́ni tó ń ta, láti òsì sí ọ̀tún. 7 sí 12 ní ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì, kí 7 kọjú sí 6, kí ìkà náà yípo títí 12 á fi kọjú sí 1. Bí mẹ́rin bá wà ní ilé 5, èyí tó kẹ́yìn á bọ́ sí 9, torí 5 àti 4 ni. Bí márùn-ún bá wà ní ilé 10, ó di 15, ẹ yọ 12 kúrò, ilé 3 ló máa bọ́ sí. Ohun tí ọmọkùnrin yín "kàn rí" nìyẹn. Ìròpọ̀ tó ń yípo ni, bíi ti aago: aago mẹ́wàá, lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, ó di aago mẹ́ta. Ó ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti mọ ayò í ta, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé ìṣirò ni.

Jíjẹ ló wá dùn jù láti kọ. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì, tí ilé náà sì di méjì tàbí mẹ́ta, jẹ ẹ́. Wo ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bí òun náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn síbẹ̀, jẹ ẹ́ pẹ̀lú. Máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí wàá fi kan ilé tí kò rí bẹ́ẹ̀. "Bí" àti "títí" inú ọ̀rọ̀ yìí, nǹkan méjì tí mo ń kọ lójoojúmọ́ láti jẹun nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ ayò nígbà tí mo wà ní 300 level. Ó ń ta dáadáa títí ẹnìkan fi kó odù jọ, ìyẹn ọmọ ayò tó pọ̀ gan-an nínú ilé kan. Bí odù bá ti tú báyìí, ọmọ ayò kan á sọnù. Ọmọ 48 tí a fi ń ta ayò á di 47. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a, mi ò sùn, mi ò jẹun gidi. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ọmọ inú ilé bá tó méjìlá, bí èèyàn bá pín in yípo tó dé ilé tó ti gbé e, ńṣe ló máa fò ó? Èmi gbàgbé fífò. Ọmọ kejìlá bọ́ padà sí ilé tí mo ti gbé e. Lẹ́yìn tí mo pín in tán ni mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pàṣẹ pé kí ilé yẹn di òfo. Ọwọ́ ara mi ni mo fi nù ún nù.

Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn gbogbo ìta ni mo ń kà á: èyí tó wà lórí ọpọ́n, èyí tí èmi jẹ, èyí tí ẹnìkejì jẹ. Bí kò bá pé 48, ẹ dúró níbẹ̀, nǹkan kan ti bàjẹ́, ẹ má sì tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi rí i. Ẹ kọ́ wọn ní kíkà yìí ṣáájú ohun gbogbo.

Bí ọ̀gá yín bá tún dárúkọ tẹ́tẹ́, ẹ sọ fún un pé ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit, Amsterdam, fi kọ̀ǹpútà tó ní prósẹ́sọ̀ 144 yanjú Awari, ìbátan ayò wa tó ń lo ilé 12 àti ọmọ 48 bákan náà. Ipò 889,063,398,406 tí ọpọ́n lè wà ni wọ́n wò. Èsì rẹ̀? Bí ẹni méjèèjì ò bá ṣi ọwọ́ gbé rárá, ọ̀mì ni wọ́n máa ta.

Jẹ́nẹ́rà_Máàkẹ́ẹ̀tì

Eré káàdì Whot ńkọ́? Bí 2 bá jáde, ẹni tó kàn mú méjì. Bí 14 bá jáde, gbogbo yín ẹ lọ sọ́jà. 8, ẹ fo ẹni tó kàn. 1, dúró, tún ta. Kí ni kóòdù fi jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Kóòdù_Yábàá

Ọ̀gá mi, ó dáa fún "bí èyí, ṣe ìyẹn". Ṣùgbọ́n nínú Whot èèyàn ò rí káàdì ọwọ́ ẹnìkejì. Nínú ayò kò sóhun tó pamọ́; bí o bá ṣìnà, o ò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru káàdì.

Ọ̀ta_Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kọ́ta, mo kọ́pè o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi kí yín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá bá àwọn aláyò lábẹ́ igi kò gbọdọ̀ kọjá láì kí wọn, èsì tí wọ́n sì máa ń fọ̀ ni pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pè ò gbọdọ̀ fọhùn!" Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta nìkan ló lẹ́nu níbẹ̀. Tísà, ọmọ mi, ìyẹn gan-an ni kí ẹ yí padà ní kíláàsì. Ọ̀pè ni kí ẹ fún lẹ́nu. Ọ̀ta ò mọ ohun tó ń ṣe mọ́, ó ti wọ̀ ọ́ lára bí ìrìn. Ẹ fi ọ̀pè kan tì í, kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè nìkan: kí ló dé tí o ò ta ìyẹn? Kí lo rí? Ṣé o ti kà á ni? Bí ọmọkùnrin yín bá dáhùn irú rẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá, á rí i pé òun ń ka nǹkan.

Ìṣirò ni mo fi ọdún 31 kọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yábàá sọ dára, ó kàn yára jù ni. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 48, ojú á ṣú wọn. Ẹ to mẹ́wàá péré sórí ọpọ́n, kí ẹ lo nọ́ńbà tí ó fún yín. Ní ẹ̀gbẹ́ tiyín: ọ̀kan ní ilé 1, mẹ́rin ní ilé 4, ọ̀kan ní ilé 6. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì: ọ̀kan ní ilé 7, méjì ní ilé 8, ọ̀kan ní ilé 12. Ẹ̀yin lọ́wọ́ kàn. Kí lẹ máa ta?

Ọmọ tó ń kánjú á ta ilé 6. Ó súnmọ́, ó bọ́ sí 7, ilé 7 di méjì, ó jẹ méjì, inú rẹ̀ dùn. Èyí tó mí kanlẹ̀ á wo ilé 4: 5, 6, 7, 8. Ilé 8 di mẹ́ta, ó jẹ ẹ́; ó bojú wẹ̀yìn, ilé 7 ti di méjì, ó jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Márùn-ún. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún òun náà. Ẹ bi í pé, "Ẹnìkejì ńkọ́?" Ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ ẹnìkejì, ní ilé 12. Ó tì í wọ ilé 1 yín, níbi tí ọ̀kan yín sùn sí. Ó di méjì. Ó jẹ méjì. Ọmọ tó bá rí ìyẹn kó tó fọwọ́ kan ọpọ́n, ẹ fi í sílẹ̀, kó máa ta 48 rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan tún kù. Bí ìta kan bá jẹ gbogbo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkejì tán, àwọn ibì kan ní kó jẹ ẹ́, àwọn ibì kan ní kò gbọdọ̀, kí ebi má pa ẹnìkejì. Wọ́n á jà lórí èyí ní kíláàsì yín, ó dá mi lójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan kọ èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sílẹ̀ kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà ò mọ̀ bóyá ará Ìsẹ́yìn ni òun tàbí ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Ojú_Ìdánwò

Ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dùn létí. Àmọ́ bí àwọn ọmọ yìí bá dé JSS 3, ìdánwò BECE ò ní gbé ọpọ́n ayò kalẹ̀ fún wọn. Ẹni tí kò fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù rí, bó bá jẹ́ ọ̀ta ayò gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ìka kan ni yóò fi máa wá lẹ́tà A. Ẹ bá ìjọba sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ fi eré sílẹ̀ fún àkókò ìsinmi.

Tísà_Ìsẹ́yìn

Òótọ́ lẹ sọ, mi ò bá yín jiyàn. Píríọ́ọ̀dù méjì ni mo ní lọ́sẹ̀, ọ̀kan á wà fún síléébọ́ọ̀sì bó ṣe wà. Ní ti kọ̀ǹpútà, a ti kọ lẹ́tà, a ti tún un kọ. Àwọn ọmọ ò lè máa dúró de èsì lẹ́tà.

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni sà. Ìtò mẹ́wàá yẹn, mo tò ó sórí tábìlì ilé ìdáná lálẹ́ àná. Ilé 6 lèmi náà kọ́kọ́ fẹ́ ta.

Ìyá_Ìjàpá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Peckham, ní London, ni mo wà, ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà, torí náà ọ̀rọ̀ tèmi kéré sí tiyín.

Eré orí pátákó kan, Robot Turtles, ni mo kọ́kọ́ rà fún un, èyí tí Dan Shapiro kó owó rẹ̀ jọ lórí Kickstarter ní 2013, tí owó náà lé ní 600,000 dọ́là. Ọmọ á to káàdì sílẹ̀: lọ síwájú, yà sósì, yà sọ́tùn-ún. Àgbà ló ń ti ìjàpá náà lórí pátákó, kò sì gbọdọ̀ ṣe ju ohun tí káàdì wí. Káàdì kan wà tí ọmọ á fọwọ́ lù bó bá rí i pé òun ti ṣì í, bug ni wọ́n ń pè é, wọ́n á dá ìta náà padà, á tún un tò. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Nílé tí wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, ẹni tó bá ṣì í, ìgbátí ló máa gbà, kò sẹ́ni tó ń fún un ní káàdì.

Nígbà tó yá mo gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fa ilà sí ẹ̀yìn páálí kọnfíléèkì, 8 ní ìbú, 8 ní òró, mo fi Ìjàpá tiwa síbẹ̀, ó ń lọ kí àna rẹ̀. Yorùbá nìkan la fi ń pàṣẹ fún un. Ohun tó ń dà á láàmú ni òsì àti ọ̀tún: bí Ìjàpá bá kọjú sí wa, òsì ta ni òsì? Tirẹ̀ àbí ti Ìjàpá? Ní báyìí ńṣe ló máa ń dìde nílẹ̀, á yí ara rẹ̀ padà síbi tí Ìjàpá kọjú sí, kó tó mú káàdì. Seymour Papert, tó wà lára àwọn tó dá èdè kọ̀ǹpútà Logo sílẹ̀ ní 1967, náà fẹ́ kí ọmọdé máa fi ara rẹ̀ sípò ìjàpá inú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tèmi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bóyá kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà dìde. Ẹ ya ilé méjìlá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí wọ́n rìn ín.

Tísà_Ìsẹ́yìn *(ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Mo ti dé o. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Ọpọ́n ni mo kọ́kọ́ wá. Èyí tí wọ́n gbẹ́ wọ́n ju owó mi lọ. Ìyá ẹlẹ́yin kan ní ọjà fún mi ní kréètì méje lọ́fẹ̀ẹ́. Kréètì ẹlẹ́yin 30 ní ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà-mẹ́fà. Bí ẹ bá gé ìlà méjì-méjì, ọpọ́n méjì ló jáde, ìlà kan á ṣẹ́kù tí wọ́n lè máa kó èyí tí wọ́n bá jẹ sí. Mo pín wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin sí ọpọ́n 13: ẹni tó kọ òfin, ẹni tó jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹni tí wọ́n jọ ń ta, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkà títí yóò fi pé 48. Ìyá ọmọ kan ń ṣe àdí, òun ló fún wa ní èkùrọ́ tí wọ́n ti pa, ọmọ 624 gééré. Mo kà á fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọkọ mi ń wò mí bí ẹni tí orí ń dà rú.

Ṣáájú kí n tó sọ bó ṣe lọ: bàbá ọmọ kan wá sí ọ́fíìsì. Ọmọ rẹ̀ ti délé sọ pé wọ́n ń lo ọpọ́n ní kíláàsì Àǹtí. Ó ní ṣé Ifá ni mo fẹ́ kọ́ ọmọ òun ni. Mo ní rárá sà, ọpọ́n ayò ni, mo sáré gbé kréètì wá kó lè fojú rí i. Ó wò ó, ó ní, "Ẹyin náà tún wà níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ náà burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àfìgbà tí mo ní kó jókòó ká ta ọ̀kan ló tó rẹ́rìn-ín. Ó nà mí.

Kóòdù_Yábàá, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe wí ló rí. Òfin àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin ìjòkòó ẹ̀yìn kọ jẹ́ ìlà méjì. Mo fún un ní ọmọbìnrin kan tí kò ta ayò rí láyé rẹ̀ pé kó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ ò rí kọ̀ǹpútà tó líle bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ pé, "Gbé ọmọ ilé 3." Ọmọbìnrin náà gbé e. Ó wá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ó ń wo ojú mi, kò wí nǹkan kan. Gbogbo kíláàsì ń pariwo pé kó sọ ọ́ sílẹ̀, ó ní ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí ọmọkùnrin yẹn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó gba ìwé, ó jókòó. Ìgbà kẹrin tó kọ ọ́, ó di ìlà mọ́kànlá, ọmọbìnrin náà sì ta á dé ibi tó yẹ.

Bàbá, mo lo ọ̀pè bí ẹ ṣe ní kí n lò ó. Ọ̀pè kan bi ọmọkùnrin wa pé, bí ọmọ bá pọ̀ nínú ilé ńkọ́, ṣé ìròpọ̀ yẹn ṣì pé? Ó dákẹ́. Ọjọ́ kejì ló wá bá mi ní stáàfù rúùmù. Ó ní bí ọmọ inú ilé bá ti tó 12, kí n fi ọ̀kan kún un kí n tó yọ 12 inú rẹ̀, nítorí ilé tó fò. Mo bi í pé títí dé mélòó? Ó ní títí dé 22. Láti 23, kí n fi méjì kún un. Mo ti ilẹ̀kùn, mo to 23 sí ilé 3, mo pín in lẹ́yọ lẹ́yọ. Ilé 4 ló bọ́ sí. 3 àti 23 àti 2 jẹ́ 28. Ẹ yọ 12 lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì rí odù tó tó 23 rí lójú ayò, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú òfin rẹ̀.

Kóòdù_Yábàá

Mà, ẹ fún mi ní orúkọ rẹ̀ tó bá dàgbà.

Ẹ sọ fún bàbá tó wá sí ọ́fíìsì pé bó bá tilẹ̀ jẹ́ Ifá, kọ̀ǹpútà náà ni. Odù Ifá kan ní àmì mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ tàbí méjì, oríṣi tó lè jáde á di 256. Báìtì kan gééré, ìyẹn àmì 0 tàbí 1 mẹ́jọ tí kọ̀ǹpútà ń lò.

Ọ̀ta_Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ Yábàá, má dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ fún Tísà o.

Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé 48 ń pé?

Tísà_Ìsẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo fi pamọ́ sà.

Ní ọjọ́rú tó kọjá, ẹni tó ń ka ọmọ ayò ní ọpọ́n kẹrin nawọ́. Ó ní 43 ni òun ń kà. Mo rántí ọ̀rọ̀ Yábàá, mo ní kí gbogbo wọn dúró, kí wọ́n má ta mọ́. Mo ní ó dájú pé odù kan ti tú, wọ́n gbàgbé láti fo ilé. Wọ́n ní kò sí odù. A tún òfin kà láti ìlà kìíní, ó pé. A wo abẹ́ tábìlì, a wo inú báàgì, kò sí níbẹ̀. Márùn-ún ló dín, ìta tó kẹ́yìn sì jẹ márùn-ún: mẹ́ta ní ilé 8, méjì ní ilé 7. Mo yíjú sí ọmọbìnrin tó jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Èkùrọ́ dà?"

Ó gbé ìwé òfin sókè, ó fìka sí ìlà kẹjọ, ó ní, "Àǹtí, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé kí n jẹ ẹ́."

Òkúta wẹ́wẹ́ la ń lò báyìí. Ọmọkùnrin wa sì ti pa ìlà kẹjọ rẹ́, ó tún un kọ: "Kó o sínú abọ́ rẹ, má fi sẹ́nu."